Abala Tó Fún Jù Ni Kí Ìjọba Wá Rí
Àwa ará Èjìgbò tí à ń gba Ìbàdàn lọ sí Èkó kí á tó forí lé Abidjan mọ̀ pé ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kì í dí bákan náà jálẹ̀. Ní 2013, abala méjì ni ìjọba pín in sí fún àtúnṣe: ilé-iṣẹ́ Julius Berger gba Èkó dé Ṣágámù, ilé-iṣẹ́ RCC gba Ṣágámù dé Ìbàdàn. Ìpín iṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ mọ iye ọkọ̀ tí ọ̀nà lè gbà, ọ̀tọ̀ ni ká wọn ibi tí ọkọ̀ ti ń wọlé, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń yà, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ̀nà ti lọ tààrà. Abala kan ṣoṣo tó fún lè dá gbogbo ìrìn dúró. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ wọn abala kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó náwó sí fífẹ̀ ọ̀nà.