A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Ní ọ̀pọ̀ abúlé ilẹ̀ Kétu àti ti Ṣábẹ̀ẹ́, pátákó kì í wọ́n nídìí kànga onípọ́ńpù. Orúkọ àjọ tàbí orílẹ̀-èdè tó fi owó sílẹ̀ wà lára rẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ tó ṣe iṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí a kì í sábà rí níbẹ̀ ni iye owó tí wọ́n ná. Bí a bá bi ìyá tó ń pọnmi níbẹ̀ pé èló ni kànga náà gbà, yóò ní òun kò mọ̀. Ẹni tó mọ̀ ń bẹ ní Páríìsì tàbí ní Brussels, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́ sí, ní èdè Faransé tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ìyá yìí ni wọ́n fi tọrọ owó náà, òun nìkan ni wọn kò sì ṣírò rẹ̀ fún. Àwọn baba wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Orí yìí ni à ń fá lójoojúmọ́, tí olórí kò sí níbẹ̀.

Láti ìgbà Àpérò Orílẹ̀-èdè ti oṣù Kejì ọdún 1990 ni àwọn ẹgbẹ́ tí a ń pè ní ONG ti ń pọ̀ sí i ní ilẹ̀ Benin. Òfin Faransé ti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1901 ni a fi dá púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Ìwé ìlànà wọn sábà máa ń fi àpéjọ gbogbogbò ṣe olórí: níwájú rẹ̀ ni akápò ti ń ṣírò owó. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ àpéjọ náà? Àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni, àti àwọn ojúlùmọ̀ wọn ní ìgboro. Àgbẹ̀ tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ kọ̀wé kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe olówó. Nítorí náà, alábòójútó lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, kí ó má jẹ fáráǹkì kan, síbẹ̀ kí ó parí iṣẹ́ rẹ̀ láìjíhìn fún àgbẹ̀ náà rárá.

Àwọn olówó pàápàá ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Ní Páríìsì ní ọdún 2005, àwọn ìjọba àti àwọn àjọ ńlá fọwọ́ sí ìlànà márùn-ún, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ pé kí olùfúnni àti olùgbà máa jíhìn fún ara wọn. Ní Istanbul ní ọdún 2016, wọ́n ní tó bá fi máa di ọdún 2020, ìdá 25 nínú 100 owó ìrànwọ́ pàjáwìrì yóò máa dé ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ onílẹ̀, ní tààrà bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ọdún 2020 dé, ohun tó dé ọwọ́ wọn ní tààrà kò tó ìdá 5. A dá àwọn olówó lẹ́bi, ẹ̀bi náà sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń béèrè pé kí Yúróòpù jíhìn fún wa, ìgbà wo ni a jíhìn fún abúlé?

Èsì tí mo máa ń gbọ́ ni pé ará oko kò mọ̀wé, pé ìṣirò owó yóò rú u lójú. Irọ́ ni. Ìyá kan náà ń dá àjọ ní ọjà. Ó mọ iye tí òun dá láti ọjọ́ kìíní títí dé ìparí oṣù. Ó mọ̀ pé owó ọjọ́ kan nínú rẹ̀ ni owó iṣẹ́ alájọ. Bí alájọ bá sì fi falẹ̀, gbogbo ọjà ni yóò gbọ́. Kò lòdì sí pé kí ẹni tó ń bá a tọ́jú owó jẹ nínú rẹ̀. Ó kàn fẹ́ mọ iye tó jẹ. Èmi náà kò lòdì sí owó ọ́fíìsì, epo ọkọ̀ àti owó oṣù akọ̀wé. Ẹgbẹ́ tí kò ní akọ̀wé owó ni yóò kọ́kọ́ sọ owó nù. Mo ní kí a sọ iye rẹ̀ sókè, ní èdè tí ẹni tó ni í gbọ́.

Àìsọ yìí ní ohun tó ń fà. Iṣẹ́ àkànṣe sábà máa ń parí láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ṣùgbọ́n rọ́bà inú pọ́ńpù kò mọ ọjọ́ náà. Nígbà tó bá já, ará abúlé kò mọ iye tí wọ́n rà á, kò mọ ẹni tó tà á, kò sì mọ̀ bóyá owó àtúnṣe kankan ṣẹ́ kù. Odò ni wọn ó tún padà sí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2025, USAID, àjọ ìrànwọ́ Amẹ́ríkà, kógbá sílé lẹ́yìn ọdún tó ju 60 lọ. Ẹni tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ káàkiri ayé ń jíhìn fún ti lọ. Ẹni tí wọn kò jíhìn fún ló kù. Ta ni yóò wá gbèjà wọn?

Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Kí a kọ iye owó sára pátákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ olùfúnni. Kí a máa ka ìṣirò owó ọdọọdún sókè ní Yorùbá, ní gbangba abúlé, kí olówó tó rí tirẹ̀ gbà. Kí abúlé yan ẹni méjì sínú ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìnáwó, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń retí iṣẹ́ ní ONG, ẹ̀yin ni ẹ ó túmọ̀ àwọn ìwé wọ̀nyí; ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi ṣe é.

Ẹgbẹ́ tiwa yìí náà kò yọ sílẹ̀. Ní àpéjọ wa tó ń bọ̀, kí akápò ka ìwé rẹ̀ ní Yorùbá ṣáájú Faransé. Bí ibì kan nínú rẹ̀ kò bá ṣeé kà ní Yorùbá, ibẹ̀ gan-an ni kí a ti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.