Bí Ibà Bá Mú Alátọ̀gbẹ, Ẹ Wo Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Lọ́jọ́ Náà

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ti ń dùn mí láti ìgbà Kòrónà. Ẹ ò tíì gbàgbé ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, tí ìjọba dí ọ̀nà, tí Sèmè-Podji tiwa náà bọ́ sínú àgbègbè tí wọ́n sé mọ́, pẹ̀lú Kútọnu àti Àjàṣẹ́. Àsìkò yẹn ni ibà mú àbúrò ìyá mi kan tó ń ta ẹja gbígbẹ. Ó ti pẹ́ tó ti ní àtọ̀gbẹ. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀, la bá ń sọ láàárín ara wa pé, "Ẹni tí kò jẹun, níbo ni ṣúgà máa gbà wọ ara rẹ̀?" A ní kó dá oògùn ṣúgà dúró ná. A tún ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un kó lè lókun. Níbi tí a kọ́kọ́ gbé e lọ, omi ṣúgà ni wọ́n fà sí i lára, kò sẹ́ni tó gún un níka wò. Nígbà tí a fi dé ilé ìwòsàn ńlá, ṣúgà rẹ̀ ti lé ní gráàmù 4. Kò pa dà wálé mọ́. N kò ní sọ pé ṣúgà nìkan ló pa á, torí èémí rẹ̀ náà ti ń ṣòro. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa wà níbẹ̀.

Ohun tí a kò mọ̀ rèé. Bí kòkòrò àrùn bá wọ ara, tí ara ń bá a jà, ẹ̀dọ̀ á máa tú ṣúgà tó ti kó pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ínsúlínì kò sì ní lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹni tí kò fi nǹkan kan ẹnu láti àná, ṣúgà rẹ̀ lè máa gòkè! Kódà oògùn dexamethasone, tó gba ọ̀pọ̀ ẹni tó wà lórí atẹ́gùn là nígbà Kòrónà, òun náà a máa gbé ṣúgà sókè.

Ní Hubei, nílẹ̀ Ṣáínà, àwọn dókítà yẹ ìwé àwọn aláìsàn Kòrónà tó lé ní 7,300 wò. Àwọn 952 ló ní àtọ̀gbẹ. Àwọn tí ṣúgà wọn kò kọjá nǹkan bíi gráàmù 1.80 ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni 1 nínú 100 ló kú. Àwọn tí tiwọn ń kọjá bẹ́ẹ̀, 11 nínú 100. Lóòótọ́, ó lè jẹ́ pé àìsàn àwọn yẹn ti le tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Nílẹ̀ Faransé, wọ́n wo alátọ̀gbẹ 1,317 tí wọ́n gbà sílé ìwòsàn ní oṣù kẹta ọdún 2020 kan náà. Kí ọjọ́ méje tó pé, ẹnì kan nínú mẹ́wàá ti lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé hémoglobine glyquée, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò fi ẹni tí àìsàn máa le fún hàn. Àwọn tí CRP wọn ga, tí àwọn ọmọ ogun ara tí wọ́n ń pè ní lymphocyte sì ti dín kù lọ́jọ́ tí wọ́n dé, àwọn ni ewu ń bẹ lórí wọn. Nítorí náà, ẹni tó ti ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ láti ọdún yìí wá, kó má fọkàn balẹ̀ jù bí ibà bá dé. Ẹni tí kò ṣọ́ ọ náà, kó má sọ pé ó ti bọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Wọ́n kàn ń fa ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n lè gbowó ni." N kò bá wọn jà. Wọ́n á kọ NFS, CRP, créatinine sórí ìwé, wọ́n á ní ká lọ sanwó, kò sẹ́ni tó máa là á yé wa. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa pé NFS ń ka àwọn ọmọ ogun ara, pé CRP ń sọ bí iná ìjà ṣe pọ̀ tó, pé créatinine ń sọ bóyá kíndìnrín ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń rà kì í fi bẹ́ẹ̀ nájà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ èyíkéyìí nínú wọn, kí ẹ tó fa omi kankan, ẹ gún ìka yẹn ná. Èmi ò rí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin tó wà nílé, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín, pàápàá ínsúlínì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà, torí òun ló mọ èyí tó yẹ ká dá dúró àti èyí tó yẹ ká fi kún. Bí ṣúgà bá ń ga sí i, tàbí aláìsàn ń bì, tàbí èémí rẹ̀ ń ṣòro, ọkọ̀ ló kù, kì í ṣe àgbo.

Bí ìpàdé ẹgbẹ́ ọjà bá tún pé, màá bẹ ìyálọ́jà wa pé ká yọ díẹ̀ nínú owó èésú, ká fi ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, kó wà lọ́dọ̀ ẹnì kan tí kì í pa ìsọ̀ rẹ̀ tì. Ìwé rẹ̀ tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí ló ń gbówó lórí, ká ti mọ ìyẹn sílẹ̀ kó má di ẹjọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ iye tí wọ́n ń ta àgbàdo láàárọ̀ yìí.