Ẹ má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré sí i



Mo ka lẹ́tà kan nínú ìwé ìròyìn yín tó ní bí omi panápaná bá ń rọ, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré sí i. Rárá o! Ìyẹn gan-an ló ń ba ẹ̀rọ ìfami jẹ́. Bí omi tó ń wọlé kò bá tó èyí tí ẹ̀rọ fẹ́ tú jáde, omi á máa hó nínú rẹ̀ láìgbóná. Ìhó náà á máa bẹ́ mọ́ irin tó ń yí, á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ariwo bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ẹ́ńjìnnì ń ké, síbẹ̀ omi kò le sí i.

Iná epo tó pa èèyàn tó lé ní 30 ní Sèmè-Kraké ní orílẹ̀-èdè Benin lóṣù kẹsàn-án 2023 ṣì ń dùn wá, epo kpayo, ìyẹn epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, sì ń bẹ lójú ọ̀nà Pobè àti Sakété. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwọn panápaná mọ ẹ̀rọ wọn lò dáadáa. Ẹ̀rọ tó wà lókè omi kò lè fa omi tó jìn ju bíi mítà 8 lọ, bó ti wù kó lágbára tó. Kí wọ́n gbé e sún mọ́ omi, kí páìpù ìfami fẹ̀, kí ewé má dí asẹ́ rẹ̀. Bí ariwo bá bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n dín eré ẹ́ńjìnnì kù lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin aláṣẹ ìlú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́ ìkùdù omi tí kò jìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà wa.

Òǹkàwé yín, Pobè