Títi Ilẹ̀kùn Nìkan Kò Tó: Ọ̀rọ̀ Lórí Òrí Wa

Ẹni tí ó ru òrí kì í pẹ́ nínú oòrùn. Bí ó ti rí fún alárù, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún orílẹ̀-èdè: ẹrù tí ń yọ́ kò ṣe é fi falẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà, láti ẹnu Igbákejì Ààrẹ, Kashim Shettima, kéde pé fún oṣù 6 gbáko, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó èso òrí tí a kò tíì sọ di òrí jáde kúrò ní ilẹ̀ yìí. Ìdí tí ìjọba fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò farasin. Wọ́n ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 40 nínú 100 èso òrí gbogbo àgbáyé tí ń ti ilẹ̀ wa jáde, ṣùgbọ́n nínú ọjà tí wọ́n díye lé ní bílíọ̀nù 6.5 dọ́là, ìdá 1 péré nínú 100 ni ó ń kàn wá. Ẹni tí ó pa ẹran ni ó wá ń lá egungun yìí.

Bí ìkéde bí irú èyí bá ti jáde, ó ti di àṣà láàrin wa kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ń ṣèjọba máa pàtẹ́wọ́, kí ọmọ ẹgbẹ́ alátakò sì máa ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tiwa, kò yẹ kí ọ̀ràn òrí jẹ́ ọ̀ràn ìpàtẹ́wọ́ tàbí ti ẹ̀fẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí gbogbo wa bèèrè ni èyí: lẹ́yìn tí a ti ilẹ̀kùn tán, kí ni a ń ṣe nínú ilé?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ní lọ́wọ́. Igi òrí kì í ṣe igi igbó dúdú. Inú ọ̀dàn ni ó ń hù, láti ilẹ̀ Senegal títí dé Uganda. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a ń rí i ní Òkè-Ògùn, ní agbègbè Ṣakí àti Kíṣí, ó sì gba Ìpínlẹ̀ Kwara kọjá lọ sí Ìpínlẹ̀ Niger. Nígbà tí òyìnbó arìnrìn-àjò nì, Mungo Park, dé ilẹ̀ Bambara ní ọdún 1796, ó bá àwọn ènìyàn nídìí ṣíṣa èso igi yìí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Kí ó tó dé ni iṣẹ́ náà ti wà. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń ṣa èso, tí wọ́n ń bọ̀ ọ́, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń fọ́ èèpo rẹ̀. Wọn a yan kóró rẹ̀, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a fi omi pò ó, wọn a sì máa fi ọwọ́ lù ú títí ọ̀rá yóò fi léfòó. Òrí yìí ni ìyá àgbà fi ń ra ọmọ tuntun, òun náà ni a fi ń pa ẹsẹ̀ tí ọyẹ́ bá là.

Àwọn onímọ̀ òde òní ti yẹ ohun tí ìyá àgbà ń lò yìí wò, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe ọ̀rá lásán. Apá tí ó pọ̀ jù nínú òrí ni ọ̀rá tí ń mú awọ ara rọ̀, tí kì í jẹ́ kí omi ara tètè gbẹ. Ṣùgbọ́n apá mìíràn wà nínú rẹ̀ tí eérú kò lè sọ di ọṣẹ, bí ó ti wù kí a sè é tó. Nínú ọ̀pọ̀ epo, apá yìí kéré púpọ̀. Nínú òrí, ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Nínú rẹ̀ ni fítámì E wà, pẹ̀lú àwọn èròjà tí ń dín wíwú àti pípọ́n awọ ara kù. Lẹ́yìn èyí, a tún ń rí nínú kóró òrí àwọn èròjà tí wọ́n jẹ́ ẹbí kan náà pẹ̀lú èyí tí a ń rí nínú ewé tíì. Fítámì E àti àwọn wọ̀nyí wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní antioxidant.

Kí ni iṣẹ́ antioxidant? Ẹ gé ikàn sí méjì, kí ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ojú ọ̀kan, kí ẹ sì fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ní pẹ́ tí èyí tí a kò rà yóò fi pàwọ̀ dà, nítorí atẹ́gùn ti ń bá a jà. Èyí tí a fi ọsàn rà yóò sì pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú awọ ara. Ìtànṣán oòrùn a máa dá àwọn èròjà aláìsinmi sílẹ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n ń kọlu ohunkóhun tí ó bá wà nítòsí wọn, tí wọ́n sì ń sọ awọ ara di hunjọ ṣáájú ọjọ́ ogbó. Antioxidant ni ó ń yọ ara rẹ̀ fún wọn, kí wọ́n má baà dé ibi tí ẹ̀mí awọ ara wà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ owó. Nígbà tí èso wa bá dé ilé iṣẹ́ ńlá lókè òkun, wọ́n a fi kẹ́míkà fa ọ̀rá rẹ̀ jáde, wọ́n a sì yọ òórùn àti àwọ̀ rẹ̀ kúrò. Púpọ̀ nínú èròjà tí a ń sọ yìí a máa bá a lọ. Apá tí ó pọ̀ nínú òrí náà ni wọ́n ń lò fún oúnjẹ. Láti ọdún 2000 ni òfin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti gbà pé kí òrí àti irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ tó ìdá 5 nínú 100 nínú ṣokoléètì. Òrí tí obìnrin Òkè-Ògùn fi ọwọ́ lù ní ohun tí òrí ilé iṣẹ́ ti pàdánù. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Bí a bá fi èéfín gbẹ èso náà, bí a bá jẹ́ kí ó hù kí a tó bọ̀ ọ́, bí omi tí a fi pò ó bá dọ̀tí, òórùn rẹ̀ yóò yí padà, oore rẹ̀ yóò sì dínkù. Ìmọ́tótó ni ọjà wa, kì í ṣe ìtàn ìyá àgbà nìkan.

Òtítọ́ kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́ nítorí pé ọjà wa ni a fẹ́ tà. Àwọn kan ń polówó òrí pé ó tó láti dènà oòrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ péré ni òrí lè dín nínú agbára ìtànṣán oòrùn. Ẹ rántí àwọn àfín tí ó wà láàrin wa. Awọ ara wọn kò ní èròjà dúdú tí Ẹlẹ́dàá fi ṣe agboorun fún àwa yòókù, àrùn jẹjẹrẹ awọ ara sì ń pa wọ́n ní rèwerèwe. Fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀, aṣọ alápá gígùn, ibòòji àti ojúlówó ìpara adènà oòrùn ni wọ́n nílò; òrí kò lè rọ́pò èyíkéyìí nínú wọn. Àwa tí a sì ní agboorun yẹn lára, ṣé ó yẹ kí a máa fi owó ra ìpara tí yóò bó o dànù? Mákúrì tí ó wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀ a máa ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tí ó bá ju òrí sílẹ̀ tí ó gbé mákúrì ti fi ẹ̀wù gidi pààrọ̀ àkísà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí òfin náà. Àwa nìkan kọ́ ni a dá a. Burkina Faso àti Mali ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2024. Èrò rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn ìkéde náà tí owó èso fi wálẹ̀ lọ́jà, nítorí pé àwọn tí ń rà á lọ sókè òkun ti fà sẹ́yìn, kò sì sí ẹ̀rọ tó nílé tí yóò gba gbogbo èso náà lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣa á. Ta ni ìyà náà jẹ? Kì í ṣe oníṣòwò ńlá tí ó ní àká. Obìnrin tí ó jí ní ìdájí, tí ó wọ inú ọ̀dàn níbi tí ejò wà, tí ó fẹ́ fi owó èso san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, òun ni ó jìyà. Òfin oṣù 6 ni tàbí òfin ọdún púpọ̀, bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ onílé, tí a kò sì gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un, ẹ̀wọ̀n ni a fi í sí.

Nítorí náà, ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba, ti àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, kò le. Kí omi mímọ́ àti ẹ̀rọ ìlọ̀ dé abúlé tí èso wà. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin rí owó yá láìsí pé wọ́n ń wá alágbàwí kiri. Kí ibi tí a ti ń yẹ òrí wò, tí a ó ti mọ ojúlówó yàtọ̀ sí àdàlù, wà nítòsí wọn. Kí a sì dáàbò bo igi náà, nítorí pé ó lè tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó so, ṣùgbọ́n wákàtí kan ni a fi ń gé e sun èédú.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí àwọn tí ẹ dìbò fún bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má ṣe bi wọ́n léèrè iye ìgbà tí wọ́n kéde. Ẹ bi wọ́n léèrè iye ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ikàn àti ọsàn wẹ́wẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n mọ̀ pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wà nínú igbá òrí ìyá wọn. Kí ẹ sì mú àfín tí ó wà ní kíláàsì yín kúrò nínú oòrùn nígbà tí ẹ bá ń to àwọn ọmọ ní òwúrọ̀. Igi tí a kò gbìn ni ó ń bọ́ wa láti ọjọ́ yìí wá. Kí a má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni yóò mọ iye rẹ̀.