ỌMỌ TÓ Ń PÀÀRỌ̀ ILÉÈWÉ NÍ PORT HARCOURT: ẸRÙ RẸ̀ JU BÁÀGÌ ÌWÉ LỌ

Bí sáà ẹ̀kọ́ tuntun bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ owó iléèwé, aṣọ iléèwé àti owó ìwé ló máa ń gba ẹnu wa kan. Ohun tí a kì í sábà sọ ni bí yóò ti rí fún ọmọ náà fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wọ kíláàsì tí kò ti mọ ẹnì kankan. Òun ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé àwọn ìpinnu kan tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2025 kan àwọn ọmọ wa ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ èdè. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí Mallam Adamu Adamu jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà Tunji Alausa kéde ní Àbújá pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Àlàyé tó ṣe ni pé níbi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB.

Òbí tó bá gbọ́ èyí lè rò pé kí òun náà ti Yorùbá mọ́ta nínú ilé ló kù. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀. Èdè àdúgbò tí iléèwé wà ni ìlànà 2022 yẹn ń sọ. Ikwerre ló yí Port Harcourt ká, Kalabari, Okrika àti Eleme sì wà nítòsí. Kò sí ọ̀nà tí ìlànà yẹn ìbá fi gbé Yorùbá dé kíláàsì ní Mile 3. Nítorí náà, ì báà wà, ì báà má sí, ọwọ́ àwa òbí ni Yorùbá ọmọ wa wà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ló ṣì wà.

Ǹjẹ́ Yorùbá tí ọmọ ń sọ nílé ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ gbogbo fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ pẹ̀lú olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn rárá. Wọ́n ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní Rivers níbí náà, láàárín àwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kay Williamson, onímọ̀ èdè tó ti Yunifásítì Ìbàdàn wá sí ti Port Harcourt, wà lára àwọn tó gbé Rivers Readers Project dìde. Wọ́n tẹ ìwé kíkà fún ọmọdé ní èdè tó lé ní mẹ́wàá, kí ọmọ lè fi èdè ilé rẹ̀ mọ ìwé kà kó tó kọjá sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n mú láti Ìwó tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá àwọn òbí rẹ̀ ní Diobu. Gẹ̀ẹ́sì ni ní kíláàsì, Píjìn ni níbi eré, Yorùbá ni nílé. Ó mọ ìṣirò tí tíṣà béèrè, ṣùgbọ́n kí ó tó to èsì rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹlòmíràn ti dáhùn. Wọ́n ń fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ní pẹ́ tí yóò fi panu mọ́, tíṣà yóò ní kò mọ̀wé, wọ́n á sì dá a padà sí kíláàsì ẹ̀yìn. Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ má pè é ní afọ́jú. Bí a bá wá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá mọ́, èdè kan ṣoṣo tó lè fi sọ ohun tó ń dùn ún la gbà lẹ́nu rẹ̀ yẹn. Yóò wá máa pariwo inú rírun ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, a ó sì máa ra oògùn ibà fún un.

Èkejì ni ti ọjọ́ orí. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ni pé kí ọmọ wọ Primary 1 lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Bí ó bá lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀, ó di ọmọ ọdún méjìlá kó tó wọ JSS1. Ṣùgbọ́n àwa ń sáré. Láti Primary 5 ni ọ̀pọ̀ ti ń fò. Ọmọ tí tíṣà kan ń tọ́jú bí ìyá á kàn dédé bọ́ sọ́wọ́ tíṣà mẹ́wàá. Ìlànà iṣẹ́ tuntun ọdún 2025 dín iṣẹ́ kù lóòótọ́, síbẹ̀ 12 sí 14 ni ti JSS. Bí ó bá jẹ́ iléèwé tí wọ́n ti ń gbé, bí irú ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Rumuokoro àti Abuloma, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fọ aṣọ, tí yóò sì ṣọ́ àpótí rẹ̀. Orí rẹ̀ lè gbé ìwé náà, kí ọkàn rẹ̀ má lè gbé ìyókù. Ọdún kan tí a ní a jèrè lè di ọdún mẹ́ta tí ọmọ fi ń sunkún.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tó ń dá ọmọ padà sílé lọ ṣe WAEC. Ní ìparí 2025, ìjọba kéde pé láti sáà 2026/2027, iléèwé kankan kò gbọdọ̀ gba ọmọ tuntun sí SS3 mọ́, nítorí àwọn ibi tí wọ́n ti ń ra ìdánwò, tí wọ́n ń pè ní “miracle centre”. Ẹni tó bá ní in lọ́kàn, SS1 tàbí SS2 ni kó ti ṣe é. Kó sì rántí pé ọmọ náà lè bá Yorùbá pàdé níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn, àròkọ àti lítíréṣọ̀. SS kọ́ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ a, b, d.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí iléèwé tó wọlé, ẹ mú ọmọ lọ wò ó, kí ó mọ ọ̀nà, ilé ìgbẹ́ àti ibi tí wọ́n ti ń ra oúnjẹ. Ẹ gba lẹ́tà tíránsífà àti ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ lọ́wọ́ iléèwé àkọ́kọ́ kí ẹ tó wọ mọ́tò. Bí wọ́n bá fẹ́ dá a sẹ́yìn, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún un ní sáà kan ná. Ní alẹ́, ẹ má fi “kí lo gbà?” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ bi í pé ta ló bá ṣeré, kí ó sì fi Yorùbá ròyìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́ bí wọ́n ti ń kíni ní èdè àwọn onílé, nítorí ọmọ tó mọ̀ ọ́n kí kì í pẹ́ lálejò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ̀yin ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa, wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé tó láti kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá kíkà, kí àwọn tó ti pẹ́ níbí sì mú àwọn ẹni tuntun mọ́ra.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí a gbọ́ lágbọ̀ọ́yé nílé ni ẹnu rẹ̀ yóò yọ ní kíláàsì. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a jèrè àwọn ọmọ wa, nílé àti lájò. Àmín.