Bọ́tìnnì Iná Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́

Nínú gbogbo ohun tó wà lára kẹ̀kẹ́, iná ẹ̀yìn ni ẹni tó gùn ún kì í rí. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀ iná iwájú lójú títì, ó ń gbọ́ bí ṣéènì ṣe ń dún, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń mọ̀ bí bíréèkì kò bá mú dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n iná pupa tó wà lábẹ́ ìjókòó, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń tàn fún. Bó bá kú, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ kò ní mọ̀, awakọ̀ tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sì lè má tètè mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níwájú òun. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí nípa bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, èyí tí a fi ń darí iná ẹ̀yìn láìsọ̀kalẹ̀.

London ni mò ń gbé, kẹ̀kẹ́ ni mo sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́ lọ́pọ̀ ọjọ́. Ní oṣù Kejìlá níbí, oòrùn a ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì sọ pé láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí di ìgbà tí yóò yọ, iná funfun gbọ́dọ̀ máa tàn níwájú kẹ̀kẹ́, kí iná pupa sì máa tàn lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọdún 2005 ni òfin náà ti gba iná tó ń ṣẹ́jú láàyè, bí ṣíṣẹ́jú rẹ̀ kò bá ti dín ní ìgbà 60, tí kò sì ju 240 lọ, láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní Jámánì, èèwọ̀ ni kí iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ máa ṣẹ́jú rárá.

Kí ló dé tí ènìyàn yóò fẹ́ máa yí iná padà lójú ọ̀nà? Ẹ wo ọ̀nà tí èmi ń gbà. Ní Old Kent Road, láàárín bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù, iná tó le ni mo fẹ́, kí ó máa ṣẹ́jú, kí ó má baà sọnù láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún iná pupa mìíràn. Ṣùgbọ́n bí mo bá yà sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Surrey Canal Walk, tó lọ láti Burgess Park dé Peckham, ìyẹn yí padà. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn mi lè má jìnnà sí mi ju ìwọ̀n mítà mẹ́ta lọ, iná kan náà tó ń dáàbò bò mí ní títì ni yóò máa gún òun lójú. Níbẹ̀, iná tó rọ̀, tó dúró jẹ́ẹ́, ló yẹ ọmọlúàbí.

Láìsí bọ́tìnnì níwájú, ọwọ́ kan ni a óò mú kúrò lára bíréèkì, tí a óò fi máa wá iná kiri lábẹ́ ìdí. Èyí léwu tó fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ewu tó ju ìyẹn lọ wà níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ iná, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́: a tẹ̀ ẹ́, ó le, a tún un tẹ̀, ó rọ̀, a tún un tẹ̀, ó ń ṣẹ́jú, a tẹ̀ ẹ́ jù, ó kú. Àbúrò kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà, bá mi pàdé nídìí iná adarí-ọkọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Lẹ́yìn tó kí mi tán, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn, ṣé ó ń tàn?”

Mo ní, “Kò tàn o, àbúrò.”

“Háà! Láti Camberwell ni mo ti tẹ̀ ẹ́!”

Àwọn bàbá wa tó gun Raleigh, kẹ̀kẹ́ tó ti Nottingham wá, kò ní irú ìdààmú yìí. Dáínámò wọn ń fara kan táyà, bí táyà bá ṣe ń yí sí ni iná ṣe ń tàn sí. Àbùkù tirẹ̀ ni pé bí kẹ̀kẹ́ bá dúró, iná kú. Ti òde òní máa ń wà láàárín àgbá kẹ̀kẹ́ iwájú, ọ̀pọ̀ iná ẹ̀yìn tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì máa ń tọ́jú agbára díẹ̀ pamọ́ tí yóò fi tàn fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí a bá dúró. Ẹni tó bá ní irú èyí kò nílò bọ́tìnnì kankan.

Àwọn iná oníbátìrì ni ọ̀rọ̀ kàn. Garmin àti Bontrager wà lára àwọn tó ti ṣe èyí tí a lè darí láìsí wáyà, nípasẹ̀ ANT+ tàbí Bluetooth, tí méjèèjì ń lo ìgbì 2.4 GHz. Omi ló pọ̀ jù nínú ara ènìyàn, omi a sì máa gbé irú ìgbì yìí mì, nítorí náà ara ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ gan-an lè dènà láàárín bọ́tìnnì àti iná. Garmin tún so rédà mọ́ iná ẹ̀yìn kan, tó lè fi ọkọ̀ tó ń bọ̀ hàn láti nǹkan bí mítà 140 sẹ́yìn. Lára kẹ̀kẹ́ alágbára iná mànàmáná, wáyà ló sábà máa ń so iná mọ́ bátìrì ńlá, ojú kékeré tó wà níwájú sì ni a fi ń tàn án.

Ní tèmi, àṣẹ kọ́ ni mo ń ra, ìròyìn ni. Bọ́tìnnì tó kàn ń ránṣẹ́ lọ sẹ́yìn láìmú èsì wá kò ju ìdajì lọ lójú mi. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá yóò sọ fún yín pé iná ń tàn, àti bí bátìrì rẹ̀ ṣe kù sí. Ẹ wò ó bóyá àtàǹpàkò yín lè dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ òtútù láìfi bíréèkì sílẹ̀. Bọ́tìnnì náà ní bátìrì tirẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ni pé ohun mìíràn tó lè kú ti kún ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká a, kí ó so iná ẹ̀yìn méjì mọ́ kẹ̀kẹ́, kí bátìrì wọn yàtọ̀, kí ó tan ọ̀kan kí ó dúró jẹ́ẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé, kí ó má sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí yóò fi délé.

Ohun kan ṣì wà tí bọ́tìnnì kankan kò lè sọ fún ènìyàn. Kóòtù gígùn lè bo iná mọ́lẹ̀, báàgì oúnjẹ ńlá náà lè bò ó, kí ojú kékeré tó wà níwájú sì máa sọ pé ó ń tàn. Àbúrò mi ti so iná kejì mọ́ ẹ̀yìn báàgì rẹ̀ báyìí, lókè, níbi tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì yóò ti rí i.