Ẹ Jẹ́ Ká Yé Jẹ Iṣu Tí A Kò Gbìn: Ọ̀rọ̀ Igbákejì Akọ́nimọ̀ọ́gbá

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 2025, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn obìnrin ilẹ̀ wa, D'Tigress, fi àmì 78 sí 64 na Mali nílùú Abidjan. Ìgbà karùn-ún léraléra nìyẹn tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ìkeje lápapọ̀. Kò pẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ fi kéde ẹ̀bùn: 100,000 dọ́là fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, 50,000 dọ́là fún olúkúlùkù àwọn tó ń kọ́ wọn àti àwọn tó ń tọ́jú wọn, oyè OON, àti ilé l'Ábújá. Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́. Èmi náà pa á. Àmọ́ lẹ́yìn àtẹ́wọ́, ó yẹ kí ẹnìkan béèrè pé: oko ta ni a ti wa iṣu yìí?

Rena Wakama ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ náà. Raleigh ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ìpínlẹ̀ Rivers sì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Nígbà tí Nàìjíríà pè é ní ọdún 2023, kò tíì ṣe ọ̀gá ikọ̀ ńlá kankan rí. Abẹ́ ọ̀gá ló wà: ó ṣiṣẹ́ ní Manhattan College, ó sì kọjá sí Stony Brook University, láàárín àwọn tí orúkọ wọn kì í hàn nínú ìwé ìròyìn. Lọ́dún yẹn kan náà, ó fi 84 sí 74 na Senegal nílùú Kigali, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá ikọ̀ tó gba ife ẹ̀yẹ náà. Ní Paris lọ́dún 2024, ikọ̀ rẹ̀ na Australia, ó na Canada, ó sì wọ ìpele ikọ̀ mẹ́jọ tó kẹ́yìn, èyí tí ikọ̀ Áfíríkà kankan, ìbáà ṣe tọkùnrin tàbí tobìnrin, kò dé rí nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Òlíńpíìkì. Amẹ́ríkà ló dá wọn dúró níbẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀run ni ọgbọ́n yìí ti já bọ́, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Iṣẹ́ igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà ní àtẹ̀gùn tí ojú rí. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ran ọ̀gá lọ́wọ́, á bọ́ sídìí ètò ìrìnàjò àti ìgbáradì, á di igbákejì, kó tó di ọ̀gá. Igbákejì ló ń wá ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá káàkiri ìlú. Òun ló ń jókòó ti fídíò alátakò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òun ló ń kọ́ ọmọ kan ṣoṣo bí a ti ń fò àti bí a ti ń jù. Láti oṣù keje ọdún 2023, òfin NCAA ti gba àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní ìpele àkọ́kọ́ láyè láti gba igbákejì márùn-ún dípò mẹ́ta. Èèyàn márùn-ún lábẹ́ ọ̀gá kan, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀gá ọ̀la ni wọ́n ń tọ́.

N kò sọ pé ilé wọn kò jò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, wọ́n mú igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́rin láti yunifásítì mẹ́rin lórí ẹ̀sùn rìbá. Bí wọ́n bá sì lé ọ̀gá, àwọn igbákejì sábà máa ń bá a lọ. Síbẹ̀, àtẹ̀gùn tó ní kòkòrò sàn ju ògiri tí kò ní àtẹ̀gùn rárá.

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, ṣé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí yín ni? Ẹ wo Ìsẹ́yìn, ìlú aṣọ òkè. Ta ló jókòó sídìí òfì lóòjọ́ tó di ọ̀gá lọ́jọ́ kejì? Ọmọṣẹ́ á kọ́kọ́ máa ká òwú, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá, á hun èyí tí wọ́n á tú, á hun èyí tí wọ́n á tà, títí ọjọ́ tí ọ̀gá á pe àwọn ẹbí jọ tí yóò sì gbàdúrà òmìnira fún un. Ọmọṣẹ́ mọ ibi tó ń lọ. Bí a bá ṣe báyìí fún òwú, kí ló dé tí a kò lè ṣe é fún bọ́ọ̀lù?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, ẹni tí à ń pè ní igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ẹni tó ń gbé àpò bọ́ọ̀lù, tó ń wá kọ́kọ́rọ́ pápá, tó ń fi owó ara rẹ̀ ra omi fún àwọn ọmọ. Iṣẹ́ mìíràn ló wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù wulẹ̀ jẹ́ àfikún. Bí ìdíje NUGA tàbí NIPOGA bá kù díẹ̀, wọ́n á rántí rẹ̀. Bó bá parí, wọ́n á gbàgbé. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, igbákejì ni yóò ṣì máa jẹ́. Ọmọṣẹ́ tí kò ní gba òmìnira láéláé ha kọ́ ni bí?

Àwọn kan yóò ní owó kò sí. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọdún 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti gbàlejò ìdíje NUGA àkọ́kọ́. Ohun tó ti tó ọgọ́ta ọdún kì í ṣe àlejò tí a kò palẹ̀ mọ́ fún. Àwọn mìíràn yóò ní Òkè-Ògùn jìnnà. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, ti di ọ̀nà gidi báyìí. Ẹni tó ń wá ìbò ń gbà á kọjá, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá náà gbà á. Àwọn kan yóò ní ọ̀ràn ààbò ló ká àwa lára. Òótọ́ ni, ó sì ká èmi náà lára. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó ní ibi tó ń lọ nírọ̀lẹ́, tó ní àgbà tó ń béèrè rẹ̀ bí kò bá wá, ṣé kì í ṣe ara ààbò nìyẹn?

Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Èkíní: kí Polí Òkè-Ògùn ní Ṣakí àti ọgbà LAUTECH ní Ìsẹ́yìn sọ fún aráàlú ní gbangba bí wọ́n bá ní ipò igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá nínú ìwé, pẹ̀lú owó oṣù àti ọ̀nà ìgbéga. Bí ó bá wà, a ó yìn wọ́n. Bí kò bá sí, kí wọ́n dá a sílẹ̀. Èkejì: ìjọba ìbílẹ̀ 10 nínú 33 ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló wà ní Òkè-Ògùn. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ máa rán igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá láti ibẹ̀ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní National Institute for Sports l'Ékòó lọ́dọọdún, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò padà wá ṣiṣẹ́ nílé. Ẹ̀kẹta, tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: bí ikọ̀ ilé ẹ̀kọ́ bá gbégbá orókè, kí wọ́n dárúkọ igbákejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá.

Chicago Sky ní Amẹ́ríkà ti gba Wakama gẹ́gẹ́ bí igbákejì láti oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ẹ kíyè sí i: ẹni tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá lọ́dọ̀ tiwa kò ka ipò igbákejì sí ìtìjú níbẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ gidi ni.

Àgbẹ̀ ni wá ní Òkè-Ògùn. A mọ òwe ẹni tó kọ ọgọ́rùn-ún ebè tó ní òun kọ igba. Bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ife ẹ̀yẹ méje ni a ti jẹ. Èwo nínú wọn ni ebè tiwa?